Bí Iná Ṣe Gbà Láti Máa Fi Eérú Bora

Nígbà láéláé, iná kò mọ oorun sùn. Bí wọ́n bá ti dá a, ó ti dìde nìyẹn. Yóò máa jó láti àárọ̀ di alẹ́, yóò máa jẹ igi, yóò máa pariwo. Bí igi bá tán, ó kú. Nítorí náà, kì í ṣe gbogbo ilé ló ní iná nígbà náà. Ìlú kan, iná kan ni.

Ní ìlú kan tí ó wà láàárín òkè méjì, ilé Àyọ̀ká ni iná ìlú wà. Baba ńlá ọkọ rẹ̀ ló lọ gbé e wá láti orí òkè kan tí ó jìnnà. Ìrìn ọjọ́ mẹ́sàn-án ni lílọ, ìrìn ọjọ́ mẹ́sàn-án ni bíbọ̀. Ìyá ọkọ rẹ̀ ló tọ́jú iná náà títí ó fi darúgbó, òun náà ló sì fi í lé Àyọ̀ká lọ́wọ́ kí ó tó kú.

Obìnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan ni Àyọ̀ká, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ ju ara rẹ̀ lọ. Bí ó bá ti ní òun yóò ṣe nǹkan, ẹ lọ fọkàn balẹ̀, kí ẹ kà á sí èyí tó ti ṣe. Bí wọ́n bá bi í léèrè pé, "Iná ńkọ́?" yóò ní, "Ó ń bẹ. Ibo ni yóò lọ?"

Ohun kan ṣoṣo ló ń dè é lọ́wọ́. Ìyàwó ni ó jẹ́ nínú ilé náà, ó sì bá Iná nílé ni. Ẹ̀yin náà mọ bí ó ṣe máa ń rí. Ẹnikẹ́ni tí ìyàwó bá bá nílé, ọkọ rẹ̀ ni, ì báà jẹ́ ọmọ ọwọ́. Kò gbọdọ̀ pe orúkọ rẹ̀, kò sì gbọdọ̀ pàṣẹ fún un. Àyọ̀ká wá fún Iná ní orúkọ tirẹ̀, ó ń pè é ní Apọ́nbéporẹ́ nítorí pé pupa rẹ̀ dára lójú. Ní àràárọ̀ yóò kúnlẹ̀ níwájú ààrò, yóò kí i, lẹ́yìn náà ni yóò mú ìgbálẹ̀.

Gbígbá yìí gan-an ni kí ẹ fetí sí. Ní ìlú náà, obìnrin tí wọ́n bá bá eérú nínú ààrò rẹ̀ lẹ́yìn tí oòrùn ti yọ, ọ̀bùn ni wọ́n ń pè é. Àyọ̀ká kì í sì í ṣe ọ̀bùn. Yóò gbá ìdí Iná títí amọ̀ ààrò yóò fi máa dán, yóò kó Eérú sínú igbá fífọ́, yóò sì lọ dà á sí ààtàn lẹ́yìnkùlé. Iná ló bí Eérú, ṣùgbọ́n Eérú kò rí ààyè jókòó nínú ilé baba rẹ̀ rí.

Nígbà ọyẹ́, kò sí ìyọnu kankan. Ọ̀rẹ́ ni Ọyẹ́ àti Iná. Ọyẹ́ yóò gba àárín òkè méjèèjì wọlé, yóò máa fẹ́ Iná láti ìdí, Iná yóò sì máa jó bí ẹni tí wọ́n ń lùlù fún. Òtútù ń mú gbogbo ìlú, nítorí náà gbogbo ìlú ló ń wá mú iná. Òfin wọn ni pé ẹni tí ó bá gbé àpáàdì wá láti mú iná gbọ́dọ̀ mú igi kan lọ́wọ́ wá. Kí oòrùn tó dé àárín ọ̀run, igi ti kan àjà.

"Ṣé ẹ rí mi?" Iná máa ń sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn. "Bí kò bá sí èmi, gbogbo yín ni ìbá ti gan!"

"Bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni," ni àwọn ènìyàn máa ń wí. Ta ni yóò bá iná jiyàn nígbà tí òtútù ń mú un?

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, Ọyẹ́ di ẹrù rẹ̀, ó gba ọ̀nà ilé rẹ̀ lọ. Òjò kò sì tí ì dé. Ojú ọjọ́ wá rọ̀ wọ̀ọ̀. Òtútù kò mú, ooru kò mú, ewé kan kò mì lórí igi. Àwọn àgbà gbé àpótí sí abẹ́ igi, wọ́n ń ta ayò. Àwọn ọmọdé ń jẹ àgbálùmọ̀ káàkiri. Iṣu tí wọ́n bá sè lẹ́ẹ̀kan, ọjọ́ méjì ni wọ́n fi ń jẹ ẹ́. Ẹnikẹ́ni kò wá mú iná mọ́. Nígbà tí wọn kò sì wá mú iná, wọn kò mú igi wá.

Àyọ̀ká lọ bá àwọn tó ń ta ayò. Ó ní, "Ẹ̀yin èèyàn mi, igi ń tán o."

Wọn kò gbé ojú sókè kúrò lára ọpọ́n. "Ìyá Ìbíwùnmí, a óò mú un wá lọ́la."

Ọ̀la dé, wọ́n tún ní ọ̀la. Ọkọ Àyọ̀ká àti àwọn ọkùnrin ilé sì ti lọ sí oko egàn, wọn kò ní í dé títí òjò yóò fi rọ̀. Òun fúnra rẹ̀ kò lè lọ sí igbó. Bí ó bá ṣí kúrò nídìí ààrò pẹ́nrẹ́n, Iná lè kú.

Nígbà tí igi ku ìdì mẹ́ta péré, ni Ìbíwùnmí dé. Ọmọ Àyọ̀ká ni, ilé ọkọ ló ti ń bọ̀, oyún rẹ̀ sì ti wọ oṣù ìbí. Nígbà tí ó bí àkọ́bí rẹ̀, iná ìlú ọkọ rẹ̀ ti kú. Omi tútù ni wọ́n fi wẹ ìyá, omi tútù ni wọ́n fi wẹ ọmọ. Ìbíwùnmí gbọ̀n fún ọjọ́ méje gbáko, díẹ̀ ló kù kí wọ́n pàdánù òun àti ọmọ.

"Ìyá mi," ni ó wí bí ó ti ń sọ ẹrù kalẹ̀, "torí iná ni mo ṣe wálé."

"O ti dé ibi tí iná wà," ni Àyọ̀ká dá a lóhùn. "Jókòó."

Ìyá Ọláníhún, agbẹ̀bí àdúgbò, wá wò ó. Ẹgbẹ́ Àyọ̀ká ni, ẹnu rẹ̀ sì mú bí abẹ. Ó fọwọ́ kan Ìbíwùnmí níkùn, ó ní, "Ó ku ọjọ́ márùn-ún sí mẹ́fà. Omi gbígbóná ni kí o bá mi tọ́jú o, Ìyá Ìbíwùnmí. Mo wo igi rẹ nígbà tí mo ń wọlé, mo kọ́kọ́ rò pé ìgbálẹ̀ ni."

"Iná ń bẹ," ni Àyọ̀ká wí.

Iná ń bẹ lóòótọ́, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ kò dùn. Kò sí Ọyẹ́ tí yóò fẹ́ ẹ. Ó ń jó gẹ́rẹ́gẹ́rẹ́, ó ń kùn.

"Ìyàwó, ebi ń pa mí. Dá igi lé mi."

Àyọ̀ká dá igi lé e. Iná gbé e jẹ, ó tún bèèrè. Ó dá òmíràn lé e. Ilé wá gbóná bí inú ìkòkò. Ìbíwùnmí ń làágùn, ó gbé ẹní rẹ̀ jáde lọ sí abẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀. Nígbà tí oòrùn wọ̀, ìdì igi kan ti lọ tán, kò sì sí ẹni tí ó jàǹfààní rẹ̀.

Ní ọjọ́ kejì, Àyọ̀ká ní òun yóò máa ṣẹ́ igi wẹ́wẹ́ fún un. Ìyẹn náà kò ṣeé ṣe. Ẹyín iná ń jókòó lórí amọ̀ tútù tí ìgbálẹ̀ ti gbá mọ́ kedere, kò sí ohun tí ó bò ó, kò sí ohun tí ó gbé e ró. Kí Àyọ̀ká tó ka ogún, ojú ẹyín náà ti dúdú. Àyọ̀ká mú abẹ̀bẹ̀, ó fẹ́, ó fẹ́, títí apá rẹ̀ fi ń gbọ̀n. Bí ó bá fẹ́ ẹ, Iná yóò ta jí, yóò jẹ igi tán. Bí ó bá dáwọ́ dúró, Iná yóò bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Báyìí ni ìdì kejì ṣe lọ.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kẹta, ìdì kan ló kù. Ọjọ́ mẹ́ta ó kéré tán ló sì kù kí Ìbíwùnmí tó bímọ. Àyọ̀ká kí Iná, ó gbá ààrò rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀, ó gbé Eérú lọ sí ààtàn. Inú rẹ̀ bàjẹ́, ṣùgbọ́n kò jẹ́ kí ọmọ rẹ̀ mọ̀.

Bí ó ti fẹ́ da igbá náà, ẹsẹ̀ rẹ̀ wọ inú eérú àná. Ó fò sókè. "Yéè!"

Eérú àná gbóná!

Ó bẹ̀rẹ̀, ó fi igi kékeré tú u wò. Ẹyín iná kan wà nínú rẹ̀, kò tóbi ju ẹ̀wà lọ. Ó ti bá eérú dé ààtàn láìmọ̀. Láti àná ni ó ti wà níbẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò fún un ní igi, ẹnikẹ́ni kò fẹ́ ẹ, síbẹ̀ ó pọ́n wẹ́ẹ́.

"Hà!" ni Àyọ̀ká ké. "Ta ló ń tọ́jú rẹ?"

"Èmi ni," ni ohùn jẹ́jẹ́ kan dáhùn láti inú ààtàn. Eérú ni. "Bí ẹ bá gbá mi jáde, ẹ kì í wo ẹ̀yìn. Láti ọjọ́ tí ẹ ti ń gbá mi, Ìyá, ṣé ẹ ti bi mí rí pé kí ni mo lè ṣe?"

Ojú ti Àyọ̀ká. Ó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ààtàn, pẹ̀lú aṣọ rẹ̀ tó mọ́. "Mo ń bi ọ́ báyìí. Kí ni o lè ṣe?"

"Mo lè bo Iná kí ó má jẹun jù. Mo lè bò ó kí òtútù ilẹ̀ má pa á. Ní ojú ọjọ́ tó rọ̀ báyìí, kò yẹ kí ó máa jó. Ó yẹ kí ó sùn ni. Ṣùgbọ́n kò mọ oorun sùn, nítorí ẹ̀yin kò jẹ́ kí ó ní aṣọ ìbora."

"Bí mo bá gbé ọ wọlé, ṣé wàá ṣe é?"

"N óò ṣe é, ṣùgbọ́n mo ní ohun tí mo fẹ́. Èkíní, ẹ kò gbọdọ̀ gbá mi tán mọ́. Àárín ààrò ni n óò máa sùn títí ayé. Èkejì, ẹni tí ó bá fẹ́ ṣí mi, kí ó ṣe é jẹ́jẹ́. Ẹni tí ó bá fi èémí fẹ́ mi tagbára-tagbára, ojú rẹ̀ ni n óò lọ jókòó sí."

"Títí kan èmi?"

"Títí kan ẹ̀yin, Ìyá."

"Mo gbà," ni Àyọ̀ká wí. Ó kó Eérú sínú igbá, ó gbé e gba ẹnu ọ̀nà wọlé lójú gbogbo àdúgbò. Àwọn obìnrin tó ń pọn omi dúró, wọ́n ń wò ó pé ta ló ń kó ìdọ̀tí wọlé láàárọ̀ kùtù.

Eérú ti gbà, ó ku Iná. Ìyàwó kò sì gbọdọ̀ kàn gbé eérú dà sí ọkọ ilé lórí. Àyọ̀ká kúnlẹ̀.

"Ọkọ mi Apọ́nbéporẹ́, ẹ̀bẹ̀ kan ni mo wá bẹ̀. Ẹ jẹ́ kí Eérú bò yín lára, kí ẹ sinmi díẹ̀."

"Eérú wo?"

"Ọmọ yín."

Iná fi ìbínú ta pàrà. "Èmi! Èmi tí gbogbo ìlú ń na ọwọ́ sí! Kí n wọ inú eérú bí iṣu tí wọ́n ń sun? Ìyàwó, ṣé ara rẹ yá báyìí?"

Èsì ti dé ẹnu Àyọ̀ká, ó gbé e mì. Ó ní, "Ẹ má bínú, ọkọ mi. Mo rò pé àwọn ẹni ńlá máa ń ní ìgbà tí wọ́n ń jáde àti ìgbà tí wọ́n ń wọ yàrá ni."

"Mo ní n kò fẹ́!"

"Ó dára bẹ́ẹ̀."

Ó dìde, ó gbé abẹ̀bẹ̀ sí orí àjà, ó mú ẹ̀fọ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í já a. Kò fẹ́ Iná, kò sì dá igi lé e. Iná ń wò ó. Iná ń retí kí ó bẹ òun lẹ́ẹ̀kejì, Àyọ̀ká sì ń já ẹ̀fọ́ lọ. Àyà rẹ̀ ń já pẹ̀lú, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín. Bí Iná bá yan ikú ńkọ́? Ṣùgbọ́n ó mọ ẹni tí ó ti ń bá gbé láti ọdún yìí wá. Iná fẹ́ràn ara rẹ̀ ju kí ó kú lọ.

Nígbà tí oòrùn dé àárín ọ̀run, ẹyín iná kan péré ló kù nínú ààrò, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan sì ti dúdú.

"Ìyàwó," ni Iná pè, ohùn rẹ̀ ti kéré. "Eérú yẹn ńkọ́?"

"Ó ń bẹ níbí, ọkọ mi."

"Ṣé wọn kò ní rí mi?"

"Kò sí ẹni tí yóò rí yín, àfi ẹni tí mo bá ṣílẹ̀kùn fún."

"Ó dáa. Ṣe kíá."

Àyọ̀ká fi ìtì igi àyìn kan, èyí tó le jù nínú ìdì tó kù, ti ẹyín iná náà lẹ́gbẹ̀ẹ́. Lẹ́yìn náà ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ da Eérú bò ó, díẹ̀díẹ̀, títí pupa kankan kò fi hàn mọ́. Ilé dákẹ́. Iná sùn fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tí ayé ti ṣẹ̀.

Ìyá Ọláníhún ló kọ́kọ́ rí i. Ó yọjú wo ààrò, ó rí i pé ó funfun, ó sì ká ọwọ́ lérí.

"Ẹ gbà mí o! Iná ti kú mọ́ Àyọ̀ká lọ́wọ́! Kò tilẹ̀ gbá eérú rẹ̀!"

Àwọn tó ń ta ayò da ọmọ ayò nù. Àwọn tó ní ọ̀la ni àwọn yóò mú igi wá, òní ni ẹsẹ̀ wọn wá yá. Gbogbo ìlú kún ẹnu ọ̀nà. Olúkúlùkù ń rántí ìrìn ọjọ́ mẹ́sàn-án.

"Ṣí i ká wò!" ni wọ́n ń pariwo.

Àyọ̀ká dúró sí ẹnu ọ̀nà, ó na apá méjèèjì. "Iná kò kú. Ó ń sùn ni."

"Sùn kẹ̀? Iná ń sùn?"

"Iná mi ń sùn. Bí mo bá ń ṣí i wò fún gbogbo yín, yóò jí, yóò sì jẹ ìwọ̀nba igi tó kù mí kù. Ẹni tó bá fẹ́ ràn mí lọ́wọ́, kí ó lọ wá igi. Ẹni tí kò bá fẹ́, kí ó padà sídìí ayò."

Ọjọ́ kan kọjá, ààrò funfun. Ọjọ́ kejì kọjá, ó funfun bákan náà. Ìbíwùnmí ń wo ààrò, ó ń wo ìyá rẹ̀, ẹ̀rù ń bà á. Àyọ̀ká gbé àtẹ́lẹwọ́ sókè eérú láìfi kàn án, ó rò pé ìlọ́wọ́ọ́wọ́ díẹ̀ kan òun lọ́wọ́. Ó rò bẹ́ẹ̀ ni, kò dá a lójú. Kò sì ṣí i. Ó bọ́ sí ọ̀dọ̀ ọmọ rẹ̀, ó ní, "Jẹun. Iná ń bẹ."

Ní ọ̀sán ọjọ́ kẹta, Ìbíwùnmí bẹ̀rẹ̀ sí í rọbí. Ìyá Ọláníhún sáré dé, ó ká aṣọ. Kò pẹ́ púpọ̀ tí wọ́n fi gbọ́ igbe ọmọ tuntun. Ọmọbìnrin ni. Ẹsẹ̀kẹsẹ̀ ni ara Ìbíwùnmí bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, gẹ́gẹ́ bí ó ti gbọ̀n nígbà àkọ́kọ́.

"Omi gbígbóná!" ni Ìyá Ọláníhún ké. Kò ṣe yẹ̀yẹ́ lọ́tẹ̀ yìí. "Àyọ̀ká, jọ̀wọ́!"

Àyọ̀ká kúnlẹ̀ nídìí ààrò, ó tú eérú. Funfun ló rí. Ó tún tú u. Funfun náà ni. Ó ti ìka bọ inú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kẹta, ó sì yára fà á yọ, nítorí iná ti jó o. Nísàlẹ̀ pátápátá, ìtì igi àyìn náà ti di ẹyín iná ńlá kan, ó pọ́n, ó sinmi dáadáa, ara rẹ̀ le ju ìgbà tí ó sùn lọ.

Ayọ̀ mú kí Àyọ̀ká gbàgbé àdéhùn. Ó ju ògùṣọ̀ gbígbẹ sí i, ó fi gbogbo èémí rẹ̀ fẹ́ ẹ, fùùù! Eérú gbéra, ó lọ jókòó sí i lójú àti ní imú àti ní ìpéǹpéjú. Iná ta lálá, ó gba ògùṣọ̀, ó gba igi.

"Ta ló ń wá mi?" ni Iná bèèrè, ohùn rẹ̀ ti padà.

"Ọmọ tuntun ni, ọkọ mi," ni Àyọ̀ká wí, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń nu ojú, ó sì ń sunkún pọ̀ mọ́ ọn.

"Gbé omi wá."

Omi gbóná. Wọ́n fi wẹ ọmọ, wọ́n fi rọ́ ìyá rẹ̀ lára. Gbígbọ̀n náà lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, títí Ìbíwùnmí fi sùn pẹ̀lú ọmọ láyà. Ìyá Ọláníhún wo ojú Àyọ̀ká tí ó funfun bí ti egbére. Ó lọ sílé, ó gbé àpáàdì rẹ̀ wá pẹ̀lú igi méjì, ó ní kí Àyọ̀ká fún òun ní iná díẹ̀ àti eérú tí yóò fi bò ó. Àwọn ará ìlú tẹ̀ lé e lọ́kọ̀ọ̀kan.

Láti ọjọ́ náà ni iná ti ń fi eérú bora bí ojú ọjọ́ bá rọ̀, tí ó sì ti wà ní ilé gbogbo ènìyàn. Láti ọjọ́ náà ni àwọn obìnrin ti ń gbá etí ààrò tí wọ́n ń fi àárín rẹ̀ sílẹ̀, tí eérú sì ń fò mọ́ ẹni tí ó bá fẹ́ ẹ tagbára-tagbára lójú. Nítorí náà, ẹ̀yin ọmọ, bí ẹ bá rí ààrò tí ó funfun tí ó dákẹ́, ẹ má ṣe na ọwọ́ sí i, ẹ má sì ní ó ti kú. Onílé ń bẹ nínú ilé.